Ìdánwò Lórí Omi Dídì

Fóònù dún bí mo ṣe ń ri túùbù bọ inú bàsíà,
tí mo ń wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń hó jáde.
Sìkírátù ni, Àwẹ̀ró, ọmọ mi,
láti ìlú tí mi ò lè pe orúkọ rẹ̀
kí eyín mi má gbára wọn.
"Bàbá, òjò dídì ti bo títì.
Mọ́tò mi yọ̀ lánàá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ kòtò.
Ohun mẹ́ta ni wọ́n kó síwájú mi ní ṣọ́ọ̀bù:
ṣéènì, táyà tí wọ́n kan ìṣó mọ́,
àti ìbọ̀sẹ̀ aláṣọ tí wọ́n ń fi wọ táyà.
Èwo ni kí n rà?"

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń lẹ táyà
nísàlẹ̀ Òkè Pádì.
Yìnyín tí mo mọ̀
ni èyí tó ń já lu páànù lóṣù kẹta,
tí àwọn ọmọdé ń ṣà jẹ
kó tó di omi lọ́wọ́ wọn.
Ọyẹ́ ló ń jà báyìí. Ètè mi ti là.
Ta ni yóò bi mí nípa òjò
tó balẹ̀ tán tí kò ṣàn lọ?

Mo bi í bí mo ṣe ń bi gbogbo oníbàárà:
"Ọ̀nà rẹ, ṣé ó ga àbí ó tẹ́jú?
Ẹsẹ̀ wo ló ń fa mọ́tò, tiwájú àbí tẹ̀yìn?
Ṣé ọ̀dà ń yọjú, àbí funfun báláú ni títí dé ibi iṣẹ́?"
Ó ní, "Bàbá, ẹ̀ ń bi mí bí ẹni tó ti débẹ̀ rí."

Mi ò débẹ̀ rí.
Mo ti dé ọ̀nà Àkánrán nígbà òjò,
èmi ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ lórí lọ́rì tó kó kòkó,
tí ẹrẹ̀ pupa dè wá mọ́lẹ̀ fọ́jọ́ méjì.
Ọ̀gá mi, Bùsárì, tú okùn ẹrù,
ó wé e mọ́ táyà bí ẹni gbọ́mọ pọ̀n.
"Ẹsẹ̀ tó ń fà ni kí o wọ bàtà fún.
Èyí tó kàn ń tẹ̀ lé e, fi í sílẹ̀ níhòòhò."

Mo pa fóònù. Mo ké sí Káṣìmáwò, ọmọ iṣẹ́ mi:
"Lọ bá mi gba omi dídì kan lọ́dọ̀ Ìyá Mùlíká,
èyí tó le jù nínú fíríìsà."
A tú ọ̀rá rẹ̀. A gbé e sórí pákó, a gbé ẹ̀gbẹ́ kan sókè.
Mo gé táyà ògbólógbòó bí ìka mẹ́rin, mo gbé òkúta lé e.
Ó yọ̀ bọ̀rọ́.
Mo fi ìbọ̀sẹ̀ Káṣìmáwò wé e: ó dì mú,
ó dì mú,
ibi tí a ti ń pàtẹ́wọ́ ni aṣọ rin, ló bá yọ̀.
Mo kan ìṣó wẹ́wẹ́ méje sí i: ó ń ha á, ó ń rọra sọ̀ kalẹ̀.
Mo wé ṣéènì kẹ̀kẹ́ mọ́ ọn.
Ó fi eyín gbá a mú. Kò lọ.
Oníbàárà kan bèèrè bóyá orí mi pé.

Mo pè é padà.
"Bí òkè bá wà lọ́nà rẹ, ra ṣéènì, ṣùgbọ́n má fi sáré.
Bí o bá ti rí ọ̀dà, sọ̀ kalẹ̀, tú u;
ohun tó ń gé yìnyín yóò gé títì, yóò gé táyà.
Bó bá jẹ́ omi dídì pẹlẹbẹ lo ń bá jí,
bèèrè bóyá òfin ibẹ̀ gba ìṣó.
Ìbọ̀sẹ̀, jù ú sí búùtù de ọjọ́ tí o bá há."
Mo fẹ́ fi kún un pé ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ nìgbín fi ń gungi,
ṣùgbọ́n ìgbín ò níṣẹ́
tó gbọ́dọ̀ dé láago méje.

"Èwo gan-an, Bàbá?"
Mo wo pákó. Omi dídì ti di omi,
ṣéènì dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀, kò rí nǹkan dì mú mọ́.
"Èyí tó wọ́n jù."
Ó ní owó òun kò tíì tó.
Mo tọwọ́ bọ àpò, igba náírà igba náírà,
mo ní kó fi nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ ránṣẹ́.
Ó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí.
Lẹ́yìn náà, mi ò gbọ́ nǹkan kan fúngbà díẹ̀.
Afẹ́fẹ́ nìkan.